Ẹ̀rọ sáńpépà onírólà: ṣé káfíńtà lè kàn án fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré?

Káfíńtà Ayétòrò (ẹni tó bèèrè)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Òṣogbo ni mo wà, ṣọ́ọ̀bù mi kò ju yàrá kan lọ. Orí tábìlì ìjẹun àti pátákó ìgé-ẹran ni mo ń ṣe jù: ìrókò, apá, tíìkì tí mo lẹ̀ pọ̀. Ibi tó ń dà mí láàmú ni ìgbà tí gọ́ọ̀mù bá gbẹ tán. Ojú ìsopọ̀ wọn kì í dọ́gba, ìfági ọwọ́ sì máa ń fa igi ya níbi tí iṣan rẹ̀ bá ti yí padà. Sáńpépà ọwọ́ ni mo fi ń gbo ó títí apá á fi kú.

Mo fẹ́ kan ẹ̀rọ onírólà, èyí tí wọ́n ń wé sáńpépà mọ́ lára tí pákó á máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo ní mọ́tò ẹ̀rọ ìfọṣọ tòkunbọ̀ kan nílẹ̀. Ọ̀gá kan ládùúgbò wa ní eré ọmọdé ni, pé kí n gbé pákó mi lọ sí sọ́mìlì kí wọ́n fi pulánà fá a fún mi. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé kí n dáwọ́ lé e, àbí kí n fi owó mi jẹun?

* * *

Ọ̀gá Pákó

Àbúrò, dáwọ́ lé e. Ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, kò sí orí tábìlì tó ń jáde níbẹ̀ tí kì í gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àdúgbò yín kò purọ́ tán o. Pulánà ló ń sọ pákó ínṣì kan di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kí èèyàn tó mí. Onírólà kò lè ṣe ìyẹn láéláé. Ìjẹ kan ṣoṣo rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń bù lára pákó lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ tó ìdajì mílímítà. Ẹni tó bá fẹ́ fi rọ́pò pulánà á jó sáńpépà, á jó mọ́tò, á sì jó pákó oníbàárà mọ́ ọn.

Irú igi tí o kà sílẹ̀ yìí gan-an ni iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí o bá lẹ apá mọ́ ara wọn, ọ̀kan iṣan rẹ̀ kọjú síhìn-ín, èkejì kọjú sọ́hùn-ún. Ọ̀bẹ pulánà á fá ọ̀kan kó dán, á sì họ èkejì bí ẹni fi eyín họ ọ́. Sáńpépà kò bìkítà ibi tí iṣan kọjú sí. Ìrókò náà ní tirẹ̀: òkúta máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà mìíràn, funfun bí ẹfun, líle bí ohun tí wọ́n kó sí i. Ọ̀bẹ pulánà tó bá kan án á ṣẹ́ léyín, ẹni tó ni pulánà á sì bú ẹ títí o ó fi dé ilé. Pátákó ìgé-ẹran tí orí igi kọjú sókè ńkọ́? Má tilẹ̀ gbé e sún mọ́ pulánà.

Kí àwọn yòókù tó dé, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan. Orí mọ́tò ni gbogbo wọn máa bá ọ jà sí. Gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí owó rẹ tán síbẹ̀. Ṣáàfù (ọ̀pá irin àárín rólà) tó tọ́, rólà tó yí láìgbọ̀n, tábìlì tí kì í tẹ̀ nígbà tí pákó bá wọlé: àwọn wọ̀nyí ni ẹ̀rọ náà. Mo ti rí mọ́tò hp mẹ́ta (hp ni wọ́n fi ń wọn agbára mọ́tò) lórí férémù tí ń gbọ̀n jìgìjìgì, pákó tó ń jáde lábẹ́ rẹ̀ dà bí páànù ìkọ́lé.

* * *

Wẹ́dà Òkè-Fìà

Mọ́tò ẹ̀rọ ìfọṣọ kẹ̀? Ọ̀gá Pákó, ẹ ò tiẹ̀ bá a wí. Àwọn mọ́tò yẹn tó ní kábọ̀n nínú, bí kò bá sí ohun tó dì í mú, ńṣe ni eré rẹ̀ á máa ga sí i títí yóò fi já. Bọ́ọ̀dù tó wà nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ ló ń kó o níjàánu, bọ́ọ̀dù ọ̀hún kò sì sí lọ́wọ́ rẹ. Lọ wá mọ́tò ẹ̀rọ ata. Hp kan àbọ̀ sí méjì, onírin gidi. Òun náà ni wọ́n fi ń lọ ẹ̀wà àti ata látàárọ̀ títí di alẹ́ láìsinmi.

Tàbí kẹ̀, gbàgbé iná. Gbé ẹ́ńjìnnì kékeré oníbẹ́tiróòlù tí àwọn ìyá aláta ń lò báyìí, fi bẹ́líìtì so ó mọ́ rólà, ó parí. Iná wá, iná ò wá, ìwọ ń ṣiṣẹ́ rẹ.

* * *

Ọ̀gá Pákó

Wẹ́dà, ẹ kú làákàyè, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta kò yín níbi ẹ́ńjìnnì yẹn. Yàrá kan ni ọmọ yìí ní. Sàlẹ́ńsà tó gbóná, bẹ́tiróòlù nínú táńkì, àti eruku igi tó fẹ́lẹ́ ju èlùbọ́ lọ tó ń fò káàkiri: kí ni ẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Èéfín rẹ̀ nìkan tó láti pa èèyàn nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo mọ ẹnì kan tó ń lò ó, àmọ́ abẹ́ àtíbàbà gbangba ló wà, ẹ́ńjìnnì jìnnà sí rólà, bẹ́líìtì gígùn ló sì so wọ́n pọ̀. Bí àbúrò bá ní ẹ̀yìnkùlé, ó dáa. Nínú yàrá, rárá.

* * *

Oní-rìwáyà

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ fún mi láyè níbi mọ́tò, torí iṣẹ́ tèmi nìyẹn.

Ẹ wo pátákó kékeré tó wà lára mọ́tò kí ẹ tó sanwó. Iná tiwa níbí 50 Hz ni, nítorí náà méjì lẹ máa ń rí jù: èyí tí wọ́n kọ nǹkan bí 1,440 sí, àti èyí tí wọ́n kọ 2,800 sí. Iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ní rólà yẹn jẹ́ mílímítà 110 ní ìbú. Àyíká rẹ̀ á tó mílímítà 346. Ní 1,440, ojú sáńpépà ń sá bí mítà 500 ní ìṣẹ́jú kan. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ó lọ́ra díẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ ń kọ́ tà máa ń wà nítòsí 700. Fi púlì ínṣì 4 sí mọ́tò, ínṣì 3 sí rólà, o ti dé 660 nìyẹn. Ẹni tó bá so mọ́tò 2,800 mọ́ rólà tààrà á dé bíi 970, pákó á máa jó dúdú, sáńpépà á sì dí pa.

Ọ̀rọ̀ iná wá kù. Mọ́tò hp kan jẹ́ wáàtì 746 létí ṣáàfù, ó ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó bá sì ń gbéra, ó ń fa ìlọ́po márùn-ún sí méje. “I pass my neighbour” kò lè gbé e dìde, ẹ má gbìyànjú rẹ̀. Èyí tó tún ń ba mọ́tò jẹ́ ni fólítì ìrọ̀lẹ́. Bí 230 bá já sí 180, ipá mọ́tò kì í dín díẹ̀, ó ń já sí bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún. Á máa kùn “hùùù” láìyí. Bí ẹ bá gbọ́ ìyẹn, ẹ pa á kíá. Mọ́tò tó ń kùn tí kò yí, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀.

* * *

Káfíńtà Ayétòrò

Ẹ ṣé gan-an, sà. Jẹnẹrétọ̀ tí mo ní jẹ́ 2.5 kVA, ó máa ń tan mọ́tò hp kan lọ́dọ̀ aládùúgbò mi pẹ̀lú wàhálà. Ṣé kò sí ọgbọ́n kankan?

Oní-rìwáyà

Ọgbọ́n wà. Gbé mọ́tò sórí pátákó tó ní híńjì, kí bẹ́líìtì máa dẹ̀ nígbà tí o bá gbé pátákó sókè. Tan mọ́tò nígbà tí bẹ́líìtì dẹ̀, kó sáré tán, kí o tó sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó fa rólà. Rólà wúwo, bí mọ́tò bá ní kó gbé ara rẹ̀ àti rólà lẹ́ẹ̀kan náà, jẹnẹrétọ̀ á kú.

* * *

Wẹ́dà Òkè-Fìà

Ó dáa, mo ti gbà lórí ẹ́ńjìnnì. Rólà ńkọ́? Mo ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ìwòyí ń sọ páìpù PVC. Páìpù ilé ìgbẹ́! Irin ni kó jẹ́. Páìpù omi onírin, kí n gé awo irin dí etí rẹ̀ méjèèjì, kí n ki ṣáàfù bọ̀ ọ́, kí n jó o pọ̀. Ọmọ ọmọ rẹ á lò ó.

* * *

Ọ̀gá Pákó

Ibi tí a dé yìí ni ìjà gidi wà. Mo ti gbọ́ ọ̀nà mẹ́ta, mo sì ti rí gbogbo wọn.

PVC rọrùn, ó fúyẹ́, páìpù ínṣì 4 wà níbi gbogbo, òun náà ni mílímítà 110 tí Oní-rìwáyà fi ṣírò. Ẹ kan awo pákó sí inú rẹ̀ ní gbogbo ínṣì 3 tàbí 4, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa wọnú láàárín. Àbùkù rẹ̀ ni ooru. Bí 80°C ni PVC ti ń rọ̀, sáńpépà tó ti kú sì lè gbóná débẹ̀ bí ẹni tó ń lò ó bá jẹ́ olórí kunkun.

Irin lágbára, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n Wẹ́dà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé iná tí ẹ fi ń jó o ń fa irin tẹ̀. Kò sí páìpù tí ẹ máa jó ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí yóò ṣì máa yí tọ́. Ó di dandan kó dé ọ̀dọ̀ tọ́nà, kí wọ́n gbé e sórí lathe, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè fá a, kí wọ́n fá ojú rẹ̀. Èyí kì í ṣe ìṣòro ní Òṣogbo o. Ìlú tí ìjọba àpapọ̀ gbé ilé iṣẹ́ Machine Tools sí láti 1980, tó jẹ́ pé nítorí àtimáa ṣe irú ẹ̀rọ bíi lathe fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, kò yẹ kó ṣàìní àgbà tọ́nà. Wá wọn lọ, bí o bá lówó rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni awo pákó. Gé pláíwúùdù tàbí MDF (pátákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi tẹ̀) mílímítà 18 ní róbótó, dá ihò sí àárín wọn gẹ́gẹ́ bí ṣáàfù ṣe tó, kì wọ́n bọ ṣáàfù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, kí o sì dì wọ́n mọ́ra títí yóò fi gbẹ. Gọ́ọ̀mù nìkan kò lè di ṣáàfù mú. Lu ihò wọ awo àkọ́kọ́ àti èyí tó gbẹ̀yìn títí kan irin, kí o ki ìṣó irin sí i. Ṣáàfù mílímítà 20, bẹ́rìn P204. Bí rólà bá gùn ju ínṣì 18 lọ, mú mílímítà 25 àti P205. Kí bẹ́rìn jẹ́ èyí tó ní rọ́bà lẹ́nu, torí eruku.

* * *

Agbẹ́gilére Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Kí ló dé tí rólà fi gbọ́dọ̀ wà lókè? Tèmi wà lábẹ́ tábìlì. Ó kàn yọ orí díẹ̀ níbi tí mo là sí àárín tábìlì, mo sì ń ti igi kọjá lórí rẹ̀. Kò sí tábìlì tó ń lọ sókè sódò, kò sí bóòtù. Àwọn àwòrán olójú pẹlẹbẹ tí mo ń gbẹ́ fún àwọn àlejò tó ń wá fún ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, ẹ̀yìn wọn ni mo fi ń tẹ́. Ní ọdún tí ọdún bá kún, mi ò lè fi ọwọ́ gbo gbogbo rẹ̀.

Ọ̀gá Pákó

Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Igi wo lẹ ń lò fún wọn, ọmọ̀?

Agbẹ́gilére Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Ọmọ̀ ti wọ́n. Bí mo bá rí i, àwọn onílù ló ń gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Arère àti mẹ̀láínà ló pọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀gá Pákó

Arère kò ní yọ ẹ̀rọ lẹ́nu, ó rọ̀. Tiyín yẹn dára fún ohun tí ẹ ń ṣe: ó ń sọ ojú kan di pẹlẹbẹ. Àmọ́ kì í jẹ́ kí pákó nípọn bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí ọwọ́ yín ló ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ kì í sì í tẹ̀ bákan náà. Ọmọ tó ń lẹ ìrókò mọ́ apá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Rólà òkè ni kó mú.

Ọ̀rọ̀ tábìlì ló kàn báyìí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ síbẹ̀. Pláíwúùdù mílímítà 18 méjì tí a lẹ̀ pọ̀, kí a bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú fọmáíkà kí pákó máa yọ̀. Fi híńjì dè é ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí bóòtù kan máa gbé ẹ̀gbẹ́ kejì sókè. Bóòtù nọ́ḿbà 17 tí àwọn mekáníìkì ń lò, M10 ni: bí ó bá yí odidi kan, ó ń gòkè mílímítà kan àbọ̀. Ṣùgbọ́n bí rólà bá wà ní agbedeméjì híńjì àti bóòtù, ìdajì ìyẹn ni tábìlì ń gòkè lábẹ́ rólà. Nítorí náà, bí o bá yí bóòtù ní ìdá mẹ́rin, o ti gbé pákó sókè bí ìdá márùn-ún mílímítà kan. Ìjẹ tó tọ́ nìyẹn fún sáńpépà nọ́ḿbà 80 (bí nọ́ḿbà bá ṣe kéré tó ni sáńpépà ṣe rí gbàǹgbà tó). Jó irin gígùn kan mọ́ orí bóòtù fún ọwọ́, kí o sì fi àwọ̀ kun apá kan rẹ̀ kí o lè máa mọ ibi tó dé.

Títọ́ rólà wá. Lórí bẹ́rìn tirẹ̀, lórí férémù tirẹ̀, pẹ̀lú mọ́tò tirẹ̀ ni kó ti tọ́, kì í ṣe ibòmíràn. Fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sára rólà láti etí dé etí, bí ìlà mẹ́fà yíká. Lẹ sáńpépà nọ́ḿbà 60 mọ́ pátákó tó tẹ́jú dáadáa, kó fẹ̀ tó rólà. Gbé e sórí tábìlì, tan mọ́tò, kí o máa gbé tábìlì sókè díẹ̀díẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ ohun tí wàá gbọ́ ni “ṣà, ṣà, ṣà”: ibi tó yọ gọnbu nìkan ló ń kàn. Máa ti pátákó náà lọ síwá-sẹ́yìn. Nígbà tí ìró rẹ̀ bá di “ṣààààà” kan ṣoṣo tí kò já, pa á kí o wo ìlà rẹ. Bí ìlà kan bá ṣì kù níbì kan, ibẹ̀ ló wọnú, tẹ̀ síwájú. Ìgbà tí gbogbo ìlà bá parẹ́, rólà rẹ ti yí roboto, ó sì ti bá tábìlì rẹ dọ́gba láti ọwọ́ ọ̀tún dé òsì. Lẹ́yìn náà ni o ó tó wé sáńpépà.

* * *

Wẹ́dà Òkè-Fìà

Mo gbà fún yín níbi títọ́ lórí bẹ́rìn tirẹ̀. Ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Irin ṣì ni férémù o! Ẹ má sọ fún mi pé pákó ni férémù náà.

Ọ̀gá Pákó

Irin ni. Ángùlù ínṣì 2, kí ẹ jó o fún un lówó pọ́ọ́kú.

* * *

Káfíńtà Ayétòrò

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, orí tábìlì ìjẹun tí mo ń ṣe fẹ̀ tó ínṣì 30. Ṣé rólà á gùn tó bẹ́ẹ̀? Mo tún rí ẹ̀rọ kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ṣí sílẹ̀, tí wọ́n ń kọjá ìdajì pákó, kí wọ́n tó yí i padà.

Ọ̀gá Pákó

Má tẹ̀lé ìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ tó ṣí sílẹ̀ máa ń gbéra díẹ̀ nígbà tí pákó bá wọlé, irin tó nípọn gidi ló lè gbà á dúró, ohun tí ilé iṣẹ́ fi ń dè é kò sí lọ́wọ́ wa. Rólà ínṣì 18, bẹ́rìn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lẹ orí tábìlì rẹ ní abala méjì, ínṣì 15, ínṣì 15. Gbé ìkọ̀ọ̀kan kọjá kó pé, kí o tó wá lẹ méjèèjì mọ́ra. Ojú ìsopọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí o máa fọwọ́ tọ́.

Sáńpépà wíwé: èyí tó lẹ́yìn aṣọ ni kí o rà, tó wà ní ìrólù, fífẹ̀ rẹ̀ ínṣì 3. Yíyípo ni wàá wé e bí ẹni ń we ọwọ́ ìlù, etí kan etí, kò gbọdọ̀ gun ara wọn. Gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní dàgẹ̀rẹ̀, kí ojú ibi tí o gé náà gùn tó àyíká rólà gẹ́lẹ́, ìyẹn mílímítà 346. Bí o bá gbé ojú ibi gígé yẹn kan etí rólà, yóò wé fúnra rẹ̀ ní ìgun tó tọ́. Gé ìparí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Kó wé lọ́nà tí pákó á fi máa fà á le sí i nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá wé òdì, yóò tú ní ojú rẹ. Nọ́ḿbà 60 fún ojú ìsopọ̀ tó yọ, 80, lẹ́yìn náà 120. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, fọwọ́ ṣe é, ẹ̀rọ á jó o.

Tíìkì máa ń dí sáńpépà torí òróró inú rẹ̀. Wá àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rọ́bà àtijọ́, èyí tó pọ́n bí oyin, fi kan rólà nígbà tó bá ń yí. Gbogbo ẹ̀gbin rẹ̀ á bọ́.

* * *

Agbẹ́gilére Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Ẹ̀yin èèyàn, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ eruku. Ìrókò yẹn ń mú ara yún mi, ó tún ń mú mi sín títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọ̀gá Pákó

Ẹ ṣeun tí ẹ rán wa létí. Ìrókò lókìkí fún ìyẹn, ó ń mú ara yún, ó sì lè di ikọ́ fée. Kì í ṣe ìrókò nìkan o. Láti 1995 ni IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Sáńpépà ẹ̀rọ ló sì ń mú eruku rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù. Fi pákó kan àpótí bo rólà lókè, dá ihò ínṣì 4 sí i, kí páìpù àti búlówà máa fa eruku jáde sínú àpò. Àpò ni mo wí, kì í ṣe ojú fèrèsé: ìyá alámàlà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù púpọ̀ nínú wa. Kí o tún fi N95 bo imú. Ìbomú aláṣọ lásán kò tó.

Wẹ́dà Òkè-Fìà

Ẹ fi èyí tó ń pa èèyàn lójijì kún un. Ọmọ iṣẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti pákó kékeré bọ abẹ́ rólà láti ẹ̀yìn. Pákó náà fò jáde, ó gbá ògiri, bulọ́ọ̀kù ya. Orí Ọlọ́run ló kó o yọ.

Ọ̀gá Pákó

Pákó gbọ́dọ̀ máa wọlé lọ kọjú ìjà sí yíyí rólà. Bí abẹ́ rólà bá ń yí wá sọ́dọ̀ rẹ, iwájú yẹn ni o ó ti tì í. Bí o bá tì í láti ẹ̀yìn, rólà á gbá a mú, á jù ú sọnù. Má dúró tààrà sí ẹ̀yìn pákó, dúró sí ẹ̀gbẹ́. Èyí tó bá kúrú ju ínṣì 12 lọ, má fọwọ́ tì í. Fún pátákó ìgé-ẹran, lẹ ọ̀pá méjì tó gùn jù ú lọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún àti òsì, kí wọ́n yọ jáde níwájú àti lẹ́yìn. Ọ̀pá ni rólà á kọ́kọ́ bá, ọ̀pá náà ni yóò fi sílẹ̀ kẹ́yìn, orí pátákó rẹ kò sì ní jin kòtò. Bí o bá parí, ya wọ́n kúrò.

* * *

Káfíńtà Ayétòrò

Ẹ ṣeun ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo rí mọ́tò kan lẹ́bàá Old Garage lánàá, hp méjì, ó dínwó gan-an. 2,800 ni wọ́n kọ sí i. Ṣé kí n fi sílẹ̀?

Oní-rìwáyà

Kò burú. Púlì ínṣì 3 fún mọ́tò, ínṣì 4 àbọ̀ fún rólà, rólà á máa yí bí ìgbà 1,870 ní ìṣẹ́jú kan, a ti wà níbi tó dáa. Ìbéèrè mi ni pé fólítì mélòó ni wọ́n kọ sí i? Bí o bá rí 380 tàbí 415 nìkan, ti iná wáyà mẹ́ta (three-phase) ni, kò ní yí lórí iná ilé rẹ, owó tí ó dínwó náà ti ṣòfò nìyẹn. 220 sí 240 ni kó jẹ́. Yẹ kapásítọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ó wú. Fọwọ́ gbé ṣáàfù rẹ̀ sókè sódò, bí ó bá ń mì, bẹ́rìn rẹ̀ ti lọ, já a kúrò nínú owó rẹ̀.

Ọ̀gá Pákó

Kí wọ́n tan án níwájú rẹ, kó sì yí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí o tó kówó jáde. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò lè dúró lórí rẹ̀, bá ti ẹ lọ.